Bí Ọkọ Mi Ṣe Yin Aládùúgbò Wa Lórí Tẹlifíṣàn

Gbogbo Sátidé ni mọ́tò aláwọ̀ búlúù kan máa ń yà sí iwájú ilé bàbá tó múlé tì wá, nítòsí New Carrollton ní Amẹ́ríkà níbí. Ọmọ bàbá náà obìnrin ló ń wà á. Á gbé ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀, ọmọdébìnrin kan tí kò tíì tó iléèwé lọ, á sì bá tirẹ̀ lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ Jímọ̀ ni bàbá yẹn ti máa ń gbá iwájú ilé. Ọmọ Amẹ́ríkà dúdú ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Ó sọ fún mi nígbà kan lórí fẹ́ńsì pé tí kì í bá ṣe ti ọmọ yẹn, òun ì bá má mọ ohun tí òun ń jí sí láàárọ̀.

Ohun kejì tó fẹ́ràn ni ìbọn. Yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ kún fún wọn: ìbọn ogun àtijọ́, ìbọn ọdẹ, àwọn mìíràn tó jẹ́ pé ìdí igi wọn nìkan ló ṣì dán. Ó fi wọ́n kọ́ ara ògiri, ó ń fi òróró nù wọ́n, ó sì ní ìwé àṣẹ lórí gbogbo wọn. Tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá wà nílé, á ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa, á sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Èmi ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìbọn, mi ò sì fi bò. Ní ti ọkọ mi, ọmọ-ọmọ ọdẹ ni, láti abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́; abẹ́ ibi tí wọ́n ń kọ́ ìbọn sí ló ń sùn nígbà tó wà ní kékeré. Tó bá ti ọ̀dọ̀ bàbá yẹn dé, ojú rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Èmi á ní kó lọ fọwọ́ kó tó kan oúnjẹ mi.

Bàbá gbàgbé páànù tó fi ń dín ẹran sórí iná lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Èéfín lásán ni, ṣùgbọ́n àwọn panápaná dé, wọ́n yẹ gbogbo ilé wò, wọ́n sì rí yàrá abẹ́ ilé. Wọ́n pe ọlọ́pàá. Nígbà tí mo fi máa ti ọ́fíìsì dé, wọ́n ti tẹ́ tapólì sórí koríko, wọ́n ń kó ìbọn jáde, wọ́n ń tò ó bí ẹni ń sá ẹja. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Kò wo ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ tí mọ́tò àwọn oníròyìn fi kún àdúgbò, hẹlikọ́pítà sì ń yí po lórí wa. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kọ̀ọ̀kan ló ní iye ìbọn tirẹ̀. Ti èyí tó dé kẹ́yìn ló pọ̀ jù. Ẹ̀rù ń ba gbogbo ènìyàn lásìkò náà. Kò sí ìròyìn alẹ́ tí kì í ní òkú ọ̀dọ́ tí wọ́n yìnbọn pa nínú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ àwọn tó ń kó ohun ìjà jọ de ìjọba. Ẹni tó bá ti ní ìbọn tó pọ̀, inú ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n máa fi í sí. Ọjọ́ ikú erin là ń rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ. Obìnrin tó máa ń yá ẹ̀rọ ìgékoríko bàbá yìí dúró síwájú kámẹ́rà, ó ní ọjọ́ pẹ́ tí ara ti ń fu òun. Inú bí mi débi pé mo wọlé.

Ọkọ mi ti ibùdó reluwé dé pẹ̀lú táì lọ́rùn, ọmọbìnrin oníròyìn kan sì pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Nílé wa, tí wọ́n bá ní ènìyàn kan burú, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í kàn dáhùn pé kò burú. Á yìn ín ni, á yìn ín títí ojú á fi ti ẹni tó ń bà á jẹ́. Ohun tí ọkọ mi ṣe nìyẹn. Ó sọ bí bàbá ṣe máa ń kó yìnyín iwájú ilé wa kó tó kó tirẹ̀. Ó sọ ti ọbẹ̀ tó ń gbé wá nígbà tí mo wà nílé ìwòsàn. Ó ní ìwé àṣẹ ìbọn rẹ̀ pé. Ọmọbìnrin náà ń mi orí, orí ọkọ mi sì ń wú, ẹ̀jẹ̀ ọdẹ dìde nínú rẹ̀. Ó wá ní: "Bí àwọn ọmọ ogun bá ya wọ àdúgbò yìí lónìí, ọkùnrin yẹn nìkan ló máa dá kojú gbogbo wọn."

Mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Lójú tèmi, ó ti sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí ìròyìn alẹ́ dé, kò sí yìnyín níbẹ̀, kò sí ọbẹ̀, kò sí ìwé àṣẹ. Ojú ọkọ mi ló yọ, àti ọ̀rọ̀ ọmọ ogun nìkan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi tapólì hàn.

"Wọn ò fi snow yẹn sí i," ló ń sọ ṣáá. "Mámì, ṣé o gbọ́ ibi tí mo ti sọ ti snow?"

"Ẹ sọ ọ́, Dádì. They cut everything."

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pè. Ọ̀kan ní táì rẹ̀ yọ dáadáa. Ọkọ mi pa fóònù mọ́ ẹni yẹn létí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ló ń yọ obì lápò. Tiwa, ọfà ló yọ.

Wọ́n tú bàbá sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òfin ò rí nǹkan kan mú, wọ́n sì dá gbogbo ìbọn rẹ̀ padà nígbà tó yá. Kò sí oníròyìn kan tó wá wo ìyẹn. Ṣùgbọ́n Sátidé dé, mọ́tò búlúù ò yà. Bàbá gbé àga síta, ó jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ lórí fóònù: pé tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀tá ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, òun ì bá má gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá a jẹun ló sọ pé ó ti múra ogun.

Ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Bàbá rò pé ó ṣubú ni, ó ń gbìyànjú láti gbé e. Nígbà tó yé e, ó jókòó.

"Irọ́ kọ́ lo pa," ló wí. "Bí àwọn ọmọ ogun bá wá bá yín, ǹ bá dúró dè wọ́n."

Lẹ́yìn náà ló ta gbogbo ìbọn náà. Oníṣòwò ìbọn kan fi ọkọ̀ kó wọn lọ. Ó pe ọmọ rẹ̀ pé ilé ti ṣófo, kó wá wò ó fúnra rẹ̀. Ọmọ ní ẹni tó kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ nígbà kan á tún kó o jọ. Kò wá.

Nígbà òtútù, yìnyín rọ̀, ilẹ̀ mọ́, kò sì sẹ́ni tó kó ti iwájú ilé wa. Ọkọ mi mú ṣọ́bìrì, ó lọ kó ti bàbá. Ó kanlẹ̀kùn, ó kàn án títí. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá já a wọlé, òkú bàbá ni wọ́n bá. Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo gbà wọ́n gbọ́.

Ọmọ rẹ̀ dé síbi ìsìnkú pẹ̀lú ọmọdébìnrin náà lọ́wọ́. Ọmọ náà ti ga. Nígbà tí a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rẹ̀ dá ọkọ mi mọ̀ láti orí tẹlifíṣàn, ó sì wá bá wa. Ó di ọwọ́ ọkọ mi méjèèjì mú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́," ló wí. "Àwọn yòókù kàn ń sọ̀rọ̀ lásán ni. Ẹ̀yin ló jẹ́ kí n mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ gba ọmọ mi là."

Ọ̀rọ̀ dé etí ẹnu mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọkọ mi ń yìn ín ni: obìnrin yìí, bàbá rẹ ló ń yìn. Ọkọ mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ tèmi. Ó wo ọmọdébìnrin yẹn, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì tẹrí ba fún un bí ẹni ń gba ọpẹ́.

Nínú mọ́tò, mo bi í pé kí ló dé tí kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní ta ni n bá sọ ọ́ fún, ṣé ẹni tí òkú bàbá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀? Ó ní kí n jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ.