Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Jákẹ́ẹ̀tì Tó Ń Mu Omi

Mi ò gba ọ̀rọ̀ oníbàárà gbọ́ mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àánú ojú wa ló bà á jẹ́.

Àgbòyí ni ìyá mi ń gbé. Ojoojúmọ́ ló ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá ta ẹja ní Kétu. Ilé ọkọ ló gbé e dé Àgbòyí. Kò mọ odò wẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kan dojú dé níbẹ̀, oorun dá lójú mi. Mo fi fóònù wá jákẹ́ẹ̀tì tó ń mú èèyàn léfòó lórí omi.

Ìràwọ̀ márùn-ún táwọn oníbàárà fi ń yin ọjà ló kún abẹ́ ẹ̀ bámúbámú. "Ó tètè dé, Ọlọ́run á bù kún yín." "Ọmọ tó gbé e wá níwà gan-an." "Àwọ̀ ẹ̀ wù mí." Kò sẹ́ni tó dárúkọ omi. Mo rà á.

Ìsọ̀ ìyá mi ni ọlọ́kadà gbé e wá. Ó kúnlẹ̀. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní five stars. Ọ̀gá mi ń wò ó o."

"Fún un jàre," ni ìyá mi wí fún mi. "Ọmọ ọlọ́mọ ni."

"Mummy, a ò tíì tú páálí yẹn!"

"Ṣé torí ìyẹn ni kí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo tẹ ìràwọ̀ márùn-ún, ọlọ́kadà sì ní kí n fi àdúrà sí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ bí àwọn ìràwọ̀ yòókù ṣe dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́kadà ni gbogbo wa ń yìn.

Nílé, mo ti jákẹ́ẹ̀tì náà bọ inú bàsíà omi. Fóòmù inú ẹ̀ fa omi mu bíi kànrìnkàn, ó sì rì. Inú bí mi gan-an. Mo yí ìràwọ̀ márùn-ún náà pa dà sí ẹyọ kan, mo sì kọ ohun tójú mi rí. Ìyá mi bínú.

"Pa á rẹ́. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ba ọjà ọlọ́jà jẹ́ nìyẹn?"

"Mummy, èèyàn máa kú!"

Ó pòṣé. Mi ò pa á rẹ́, àmọ́ kò wúlò: àdúrà àwọn ẹlòmíì ti bò ó mọ́lẹ̀.

Mo lọ bá ẹni tó ń ta jákẹ́ẹ̀tì fáwọn tó ń wa yanrìn lódò. Ó ju tiẹ̀ sódò níṣojú mi, ó léfòó. Mo rà á, mo gbé e fún ìyá mi, kò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án.

"Èyí tí gbogbo ayé yìn rì. Ta ló wá yin èyí?"

Láàárọ̀ yìí, mo sìn ín dé etí odò. Ó jókòó sáàárín ọkọ̀, ó di agbọ̀n ẹja ẹ̀ mú. Wọ́n tu ọkọ̀ lọ, èmi dúró sétí omi pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó dáa lọ́wọ́.