Obìnrin Tó Ń Gba Ẹ̀bá Ògiri

Wọ́n ní eérú òkú Merv Tolhurst, tí wọ́n fi iná sun nígbà tó kú, wà lábẹ́ amọ̀ kọ́nà kẹta ní pápá ìje mọ́tò ìlú Yarrapinna. Wọ́n ní Glenys ìyàwó rẹ̀ ló lọ dà á síbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ ìsinmi kan, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù. Bí èèyàn bá bi Glenys, á ní, "Ṣé o rí mi níbẹ̀ ni?" á sì máa bá ohun tó ń ṣe lọ. Ẹni tó bá mọ ìlú náà dáadáa á gba ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, á fi ìdajì tó kù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ìdajì tó ṣeé gbà gbọ́ ni pé láti ọdún mẹ́sàn-án tí Glenys ti ń sáré ní pápá yẹn, táyà rẹ̀ kò kan apá inú kọ́nà kẹta rí.

Bẹ́ẹ̀, apá inú ni gbogbo ayé ń gbà. Ẹni tó ń sáré yípo, ibi tó kúrú ló ń wá. Àwọn yòókù á rá mọ́ inú bí ọmọ ológbò tó rá mọ́ ọmú. Glenys á gòkè lọ sẹ́bàá ògiri, á fi sùúrù yí ibẹ̀ po, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn. Ìgbà tó bá fi máa dé, wọ́n ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó lẹ́yìn wáyà ọgbà pápá á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ìyá Bọ́ọ̀sì ti tún lọ já ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri o!"

Wọn kò purọ́ nípa bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ Glenys nìyẹn láti ìgbà èwe rẹ̀: bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, láti oko àgùntàn tó jìnnà jù dé ẹnu géètì, àárọ̀ àti ọ̀sán, nínú eruku àti nínú ẹrọ̀fọ̀. Ọdún tí omi ya bo títì, inú bọ́ọ̀sì ni òun àti àwọn ọmọ wà títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń kọ orin ìsìn fún wọn títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí awakọ̀ kan ní pápá ìje yẹn tí kò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, èsì kì í jìnnà sí i lẹ́nu. "Ìwọ," á wí fún géńdé onírùngbọ̀n kan, "ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi nu èébì rẹ kúrò lórí ìjókòó, o ti wá mọ mọ́tò wà jù mí lọ?" Géńdé náà á rẹ́rìn-ín, á fi fìlà bojú.

Nígbà ayé Merv, Glenys kò sáré rí. Ọkọ ló ń sáré, ìyàwó ló ń na sípánà sí i. Merv wà lára àwọn tó fi kátápílà oko ara wọn gbẹ́ pápá náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló sì lò títí ọkàn rẹ̀ fi dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọsibítù: mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ìlú rò pé opó á ta ọkọ̀ náà. Nígbà tí ìje bẹ̀rẹ̀ padà, Glenys jáde láti inú ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ Merv lọ́rùn, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dé akoto, ó ní níbo ni wọ́n ti ń tò. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni nígbà náà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Noelene Pascoe ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta mítí-páì ní pápá, kò rẹ́rìn-ín. Ẹkún ló sun, ó sì ní alùbọ́sà ni.

Àbúrò ọkọ, níbikíbi tí Ọlọ́run bá dá a sí, ojú ogún ló fi ń wo opó. Garth Tolhurst, àbúrò Merv, ni alága ẹgbẹ́ eléré ìje, kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn ní ọmọ ni. Brodie ọmọ rẹ̀ ti lé lógún ọdún, ó yára bí ẹ̀fúùfù, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà àyálò ló fi ń sáré. Ní Yarrapinna, nọ́ńbà a máa jẹ́ ti ìdílé bí ilẹ̀ oko ṣe ń jẹ́ ti ìdílé. Ọdún méjì léra wọn ni ọkọ̀ Glenys ti kú sójú ọ̀nà nínú ìje ńlá oṣù Kìíní. Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kù sí dẹ̀dẹ̀, Garth sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́.

"Glen, má bínú. Kò yẹ kí nọ́ńbà Merv máa rìn bí ẹni tó ń kó àgùntàn lọ jẹko. Bó o bá parí ìje tọdún yìí, tó o dé ìlà, ìwọ lo ni ín títí wàá fi gbé e sílẹ̀ fúnra rẹ. Bó ò bá dé ìlà, kó o fún Brodie."

Brodie ń wo bàtà ara rẹ̀. Glenys bu páì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ, ó jẹ ẹ́ tán.

"Mo gbọ́," ló wí.

Lọ́jọ́ ìje náà, oòrùn ò fi ti ẹnì kan ṣe. Ìjì ti wó òpó iná pápá lóṣù tó ṣáájú, nítorí náà ọ̀sán gangan ni wọ́n máa sá ohun tí wọ́n máa ń sá ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dà ojú títì ń lẹ̀ mọ́ sálúbàtà. Àwọn ẹyẹ jókòó sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, wọn ò lè ké. Noelene fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì Glenys, ó yára fà á sẹ́yìn.

"Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́ lọ pa ààrò mi. Orí ibí ni n ó to páì sí."

"Má jẹ́ kó jóná bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ta ló jẹ mẹ́ta nínú èyí tó jóná?"

Tánkà omi ń yí pápá po, ṣùgbọ́n kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti wọ́n omi sí ti gbẹ, ó ti funfun. Amọ̀ náà kọ́kọ́ sán, lẹ́yìn náà ó ń ṣí ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo ara ẹni tí oòrùn sun. Ìgbà tí àwọn ìje kéékèèké fi máa parí, ihò tó lè gba orí màlúù ti wà lápá inú kọ́nà kẹta. Dougal Frayne, tó ń fi àsíá bẹ̀rẹ̀ ìje, tó sì ń fi í dá a dúró, pe àwọn awakọ̀ jọ.

"Pápá yìí ti kú," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká sin ín."

"Àwọn èèyàn ti wa ọkọ̀ wá láti ìdájí," Garth dá a lóhùn. "Kí la fẹ́ sọ fún wọn? Pé oòrùn mú? Ìgbà wo ni kì í mú?"

Glenys ní, "Ẹ jẹ́ ká dín ìyípo rẹ̀ kù sí ìdajì."

"Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni, Glen?"

"Ó ń bà mí. Ì bá máa ba ìwọ náà, ká ní ìwọ lo fẹ́ wọ inú ẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Garth náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dín nǹkan kan kù.

Nínú ọkọ̀, ooru náà dà bí ìgbà tí èèyàn ki orí bọ ààrò búrẹ́dì. Glenys di bẹ́líìtì, ó gbé ọwọ́ lé sitiárìn, ó gba àdúrà rẹ̀ tí kì í gùn: "Olúwa, mi ò ní kí n gba ipò kìíní. Kí n ṣáà dé ìlà." Àsíá aláwọ̀ ewé sọ̀ kalẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí ló rí níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n rá mọ́ inú, òun gòkè lọ sẹ́bàá ògiri, wọ́n fi eruku sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí wọ́n ṣe ń yípo, ihò kọ́nà kẹta ń jinlẹ̀, ó sì ń bí ọmọ. Ọkọ̀ kan ṣẹ́ ẹsẹ̀ síbẹ̀. Òmíràn fò, ó fi ìdí balẹ̀, rédíétọ̀ rẹ̀ bẹ́, èéfín funfun gbalẹ̀. Gbogbo amọ̀ tí táyà wọn ń fọ́ nínú lọ́hùn-ún ń fò lọ kó jọ sẹ́bàá ògiri, níbi tí ẹlòmíì kì í gbà. Ibẹ̀ wá rọ̀, ó ń di táyà mú bí ìyá ṣe ń di ọwọ́ ọmọ mú lójú títì. Glenys sì mọ ògiri yẹn bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀: ibi tó yọrí, ibi tó wọnú, ibi tí ẹsẹ̀ ti gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ó kọjá ọkọ̀ pupa. Ó kọjá onírùngbọ̀n tó máa ń bì. Ó tún kọjá òmíràn tí kò tiẹ̀ rí i nígbà tó ń lọ.

Noelene fi páì sílẹ̀, ó já makirofóònù gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń kéde. "Bọ́ọ̀sì ti dé o! Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ má yọ orí síta!"

Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn wáyà ti dìde dúró. Kò sẹ́ni tó rántí oòrùn mọ́.

Ó wá ku Brodie nìkan níwájú rẹ̀, ìyípo tó kẹ́yìn sì ni. Brodie gba apá inú kọ́nà kẹta, torí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé inú ló kúrú. Táyà iwájú rẹ̀ wọ ihò, ó yọ dànù, ọkọ̀ náà yí bírí, ó sì dábùú sáàárín eruku tí èèyàn ò ti lè rí ọwọ́ ara rẹ̀. Glenys ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kọ́nà náà bọ̀ lókè, lẹ́bàá ògiri. Ọ̀nà ṣófo níwájú rẹ̀. Kọ́nà kan péré ló kù, lẹ́yìn ìyẹn ni ìlà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́ta ń bọ̀ lẹ́yìn, Dougal wà ní òdìkejì pápá tí eruku ò jẹ́ kó rí nǹkan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì máa rá mọ́ inú, torí wọn ò mọ ọ̀nà mìíràn.

Ó tẹ bíréèkì. Ó yí sitiárìn sísàlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, táyà nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n gba apá inú kọ́nà kẹta. "Merv, forí jì mí," ló wí, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ dí iwájú ti Brodie.

Ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dé gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn tó tẹ̀lé e rí i, wọ́n yà sókè. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, Dougal ń ju àsíá pupa bí ẹni tí agbọ́n ń lé, Brodie ń rọ́ jáde lójú wíńdò pẹ̀lú èjìká tó yẹ̀, Glenys sì jókòó jẹ́ẹ́ síbi tó wà, ó ń wo ojú ọ̀run láti ibi tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà nílẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, nọ́ńbà rẹ̀ kọjú sókè.

"Àǹtí Glen," Brodie wí, "ẹ̀ bá ti dé ìlà."

"Mo mọ̀. Wá omi fún mi."

Nínú ṣẹ́ẹ̀dì ẹgbẹ́, fáànù ń kó afẹ́fẹ́ gbígbóná láti igun kan lọ sí èkejì. Dougal ti gbé ilẹ̀kùn náà sórí tábìlì bí òkú tí wọ́n fẹ́ bi léèrè ohun tó pa á.

"Kò sẹ́ni tó wà níwájú Glenys nígbà tí àsíá pupa gbéra," Dougal wí. "Ibi tí àsíá bá bá ọ, ibẹ̀ lo parí sí. Òfin wa nìyẹn."

"Ó ti dúró kí àsíá tó gbéra," ẹnì kan dáhùn láti ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ tó bá dá dúró fúnra rẹ̀ ti jáde nínú ìje. Òfin wa nìyẹn náà."

"Torí ọmọ èèyàn ló ṣe dúró!" Noelene ké mọ́ ọn. "Àbí o fẹ́ kó wo ọmọ náà kọjá ni, ìwọ olórí kunkun yìí?"

"Noelene, o ò sí nínú ìgbìmọ̀."

"Páì mi lẹ ń jẹ!"

Gbogbo wọn yíjú sí alága. Garth ò tíì wo ojú Glenys láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú.

"Iwájú gbogbo yín ni mo ti sọ ọ́. Mo ní kó dé ìlà. Bí mo bá yí i padà, ẹ ó ní torí pé ọmọ mi ló gbà là ni. Bí mi ò bá yí i padà... Kí ni kí n ṣe? Ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Dádì, mi ò fẹ́ nọ́ńbà náà," Brodie wí.

"Ohun tó o fẹ́ kọ́ la ń sọ níbí. Òfin la ń sọ!"

Ni wọ́n bá tún gbà á lẹ́nu ara wọn. Glenys, tó ti ń mu omi láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, gbé ife kalẹ̀. Ó dìde, ó gbé ilẹ̀kùn náà kúrò lórí tábìlì, ó há a mọ́ abíyá. Ó tóbi jù fún un. Etí rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀.

"Glen, ibo lò ń lọ? A ò tíì parí ọ̀rọ̀."

"Ẹ parí ẹ̀. Mo fi táyà tẹ ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí, Garth. Ó yẹ kí n lọ bẹ̀ ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Garth la ẹnu sílẹ̀ bíi tàwọn ẹyẹ abẹ́ ọkọ̀. "Ṣé òótọ́ ni, nígbà náà? Pé Merv wà..."

"Ṣé o rí mi níbẹ̀ ni?"

Brodie fi ọwọ́ tó ṣì dáa ṣílẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì fún un, ó sì bá a gbé etí èyí tó ń wọ́ nílẹ̀ sókè títí ó fi kọjá. Lẹ́yìn wọn, àríyànjiyàn ṣì ń lọ: Dougal lu tábìlì, Noelene náà lu tábìlì. Glenys ò yà síbi tí wọ́n páàkì ọkọ̀ sí. Ó la àárín pápá kọjá nínú oòrùn, ó kọrí sí kọ́nà kẹta, nọ́ńbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n lábíyá rẹ̀.