Obìnrin Tó Ń Gbèjà Ẹgbẹ́ Olórin Méjì Tí Kò Sí

Sìlífátù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ọ̀rọ̀ orin mọ́. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Láti ìgbà tí Lọ́ládé ọmọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọmú ló ti ń se ẹyìn ní ẹbu kan tí wọ́n ti ń fún epo pupa létí Ìlútítun, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n epo ni mo bá lọ síbẹ̀. Obìnrin kan tó jókòó ti ààrò rẹ̀ ló ní kí n fi ọ̀rọ̀ epo sílẹ̀, kí n bi Ìyá Lọ́ládé nípa ẹgbẹ́ tó ń kọrin lábẹ́ omi. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣeré ni. Wọ́n ń fi mí ṣeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo padà lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo bi ènìyàn mẹ́rin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìtàn wọn sì bára mu. Ìkálẹ̀ ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn. Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kà ni mo fi kọ ọ́ síbí.

Ẹyìn tó wà lórí iná kò ṣeé fi sílẹ̀. Iná kò gbọdọ̀ kú, omi inú dúrọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ gbẹ, ó sì ń gbà tó ìdajì ọjọ́. Ààrò mẹ́fà ló wà ní ẹbu yìí, ènìyàn mẹ́fà ló sì ń jókòó tì wọ́n, láìsí ohun tí wọ́n lè ṣe ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ àwọn olórin ni wọ́n ń sọ: ta ló mọ orin kọ jù, ta ló jí orin ta. Lọ́jọ́ kan ọ̀rọ̀ náà di ìjà, eyín ọkùnrin kan yọ, ó sì já sínú epo. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sẹ́ epo náà kí wọ́n tó rí eyín. Ìbráhìm, ẹni tó ni ẹbu, wá là á mọ́lẹ̀ pé òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ olórin kankan ní ibi iṣẹ́ òun mọ́, ì báà jẹ́ èyí tó wà láyé tàbí èyí tó ti kú.

Philemon gbé ojú sókè níbi ààrò rẹ̀. "Ọ̀gá, èyí tí wọn ò tíì bí ńkọ́?"

Akọ̀pẹ ni Philemon, àgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìbráhìm rò ó títí, ó ní ẹni tí wọn kò tíì bí kò lè mú kí eyín ẹnikẹ́ni yọ. Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti ń fi ẹnu dá ẹgbẹ́ olórin tí kò sí sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí Philemon ń tì lẹ́yìn ń jẹ́ Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ Àjàgbà. Orin abẹ́ omi ni wọ́n ń kọ. Wọn á wọ inú odò títí omi á fi bò wọ́n lórí, àwọn ènìyàn á dúró létí odò, wọn á máa ka ìfófòó. Orin wọn tó dùn jù ni èyí tí olórí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí. Wọ́n ní afunfèrè kan nígbà kan, ṣùgbọ́n bó bá ti fa èémí láti fun fèrè, odò ló ń mu. Ní ọdún kejì, ó mu ún tán lójú agbo. Gbogbo ẹgbẹ́ bá ara wọn lórí iyanrìn gbígbẹ, ayé sì rí i pé wọn kò wọ ṣòkòtò. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e. Kò sí ẹni tó ń se ẹyìn ní ẹbu náà tí kò mọ ìtàn lílé afunfèrè. Àwọn kan lè sọ ọjọ́ tó bọ́ sí.

Ti Sìlífátù ni Ẹgbẹ́ Fújì Aláàárẹ̀. Orin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún méje sẹ́yìn, kò sì tíì dé ibi ègbè. Onílù wọn á lu ìlù lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, á kọrí sóko, á tún padà wá lu ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ kejì. Orí ẹní ni olórí wọn ń sùn kọrin. Ẹni tó bá fẹ́ jó o, àga ni kó lọ wá. Obìnrin kan lóyún nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ̀ kejì, ọmọ náà ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó parí rẹ̀.

"Ìyá Lọ́ládé, kò rẹ àwọn èèyàn yín o," Philemon á sọ, á máa ti igi sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù. "Wọ́n ti kú ni."

"Bàbá Janet, òkú tó wọ ṣòkòtò sàn ju alààyè tó wà níhòòhò lórí iyanrìn."

Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Mo bi Sìlífátù bóyá ìbátan rẹ̀ ni Philemon. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá nǹkan mìíràn wà láàárín wọn. Ó wò mí bí ẹni wo ìhá ẹyìn tí omi ti rin, tí kò ṣeé dáná mọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ já mọ́ Philemon nídìí, ó sì já lulẹ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Janet ọmọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Òkìtìpupa, gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Dókítà sọ pé yóò rìn, ṣùgbọ́n kò ní í gun ọ̀pẹ mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti dákẹ́. Janet sọ fún mi pé "bẹ́ẹ̀ ni", "bẹ́ẹ̀ kọ́" àti "omi" ni gbogbo ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ṣoṣo ló sọ: kí wọ́n fi ààrò òun fún ẹlòmíràn.

Ibí ni òfin ẹbu ti wọ̀ ọ́. Àwọn kan ti máa ń rán ọmọ wá dáná sí ààrò wọn, kí àyè wọn má baà bọ́, nígbà tí àwọn fúnra wọn ń ṣòwò kiri ní Ìrẹ̀lẹ̀. Nítorí náà ni Ìbráhìm fi ṣòfin pé iná nìkan kò tó. Ààrò tí a kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín nínú ẹbu títí ọjà márùn-ún fi ná, ẹni tó kàn ni yóò gbà á. Ẹni tó kàn ni Jùwọ́nlọ́lá, ọmọbìnrin kan tó jogún ọ̀pẹ bàbá rẹ̀. Ó ti dúró fún ọdún méjì, ó ń tọrọ ààrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ẹyìn rẹ̀ sì ń jẹrà nílẹ̀. Kò sí ẹni tó lè pè é ní olójúkòkòrò.

Mo bi Sìlífátù léèrè: bí ọkùnrin náà kò bá ní í gun ọ̀pẹ mọ́, kí ló fẹ́ fi ààrò ṣe?

Ó ní ìjókòó ni wọ́n ń jókòó se ẹyìn, ènìyàn sì lè ra ẹyìn lọ́wọ́ ẹni tó gùn ún. "Bí ààrò yẹn bá lọ, kí ló fẹ́ tìtorí ẹ̀ dìde?" Ó ti igi sábẹ́ dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń bú u. Ta ni wọ́n fẹ́ kí n máa bú?"

Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ sí. Ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, á pe Janet lórí fóònù, Janet á gbé fóònù tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí bàbá rẹ̀. Sìlífátù á wá dojú odó kan dé níbi ààrò Philemon, á gbé fóònù lé e, á dá iná díẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á lọ sí ààrò tirẹ̀, á bú Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ dáadáa. Á tún dìde, á rìn dé ààrò Philemon, á mú ohùn rẹ̀ ki bíi ti ọkùnrin náà, á gbèjà wọn. Ẹgbẹ́ tó ti fi ọdún mọ́kànlá bà lórúkọ jẹ́ ló ń wá ọ̀rọ̀ dídùn fún. Èrò rẹ̀ ni pé bí inú bá bí ọkùnrin náà, tàbí bí ó bá dùn, á sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọn kò lè gún ẹyìn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín náà kéré. Nígbà tó di ọjà kẹta, ó ti ń rẹ gbogbo wọn, ó sì rẹ òun jù. Èèyàn kan ń se ẹyìn ara rẹ̀, ó ń tọ́jú iná ẹlòmíràn, ó ń bá ara rẹ̀ jiyàn, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Láti inú fóònù, mímí nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ìbráhìm kò kánjú mọ́ ọn. Ní ìparí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan á béèrè bóyá Philemon sọ̀rọ̀.

"Ó mí, Ọ̀gá."

"Ewúrẹ́ náà ń mí."

Ọjà karùn-ún bọ́ sí ọjọ́ òjò. Igi tutù, èéfín kún ẹbu, Sìlífátù sì ti wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún epo láti ìdájí. Jùwọ́nlọ́lá dé lọ́sàn-án, ó gbé dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ sínú bárò, ó mú ìgbálẹ̀ dání. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Kò sọ ohun tó bá wá, kò sì jókòó.

Sìlífátù nu ọwọ́, ó rìn lọ síbi odó tó dojú dé. Wọ́n sọ fún mi pé kò tilẹ̀ mú ohùn rẹ̀ ki lọ́jọ́ yẹn, ohùn ara rẹ̀ ló lò. Ó ní Àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ kọrin ní odò kan lọ́nà Ìrẹ̀lẹ̀ lánàá. Ó ní èrò pọ̀ ju ti ọjà lọ, àwọn tó ń ka ìfófòó sọ iye nù. Ó ní afunfèrè wọn ló ṣíde agbo, ó sì fun ún dáadáa.

Ẹnì kan gbé ọmọ odó rẹ̀ sílẹ̀. Sìlífátù dúró, ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò mọ ohun tí òun ṣe.

"A ti lé e."

Ohùn náà ha, ó sì rẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ mọ ibi tó ti wá.

"A ti lé e láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, Ìyá Lọ́ládé," ni fóònù orí odó wí. "Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Ẹ má fi irọ́ ba ẹgbẹ́ mi jẹ́."

Ìbráhìm fi ìdí ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sún mọ́ odó náà. Ó béèrè pé ta ló sọ̀rọ̀.

"Èmi ni, Ọ̀gá."

Ìbráhìm wo fóònù, ó wo Jùwọ́nlọ́lá, ó tún wo fóònù. "Ohùn ni mo sọ," ló wí níkẹyìn. "Mi ò sọ pé kó gbé ara wá."

Jùwọ́nlọ́lá kò jiyàn. Ó yí bárò rẹ̀ padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń dún lórí èkùrọ́ tó fọ́ nílẹ̀. Philemon gbọ́ ọ, ó béèrè ohun tó ń dún, wọ́n sì sọ fún un. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹgbẹ́ tí ọmọ náà ń tì lẹ́yìn. Jùwọ́nlọ́lá ní òun kò tíì ní ẹgbẹ́ kankan.

"Kó máa se ẹyìn ẹ̀ níbẹ̀ títí n ó fi dé," ni Philemon wí. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ Aláàárẹ̀ kankan nídìí ààrò mi."

Ọmọbìnrin náà ti ń gbé dúrọ́ọ̀mù rẹ̀ kalẹ̀. Ó fara balẹ̀ rò ó. "Bàbá, afunfèrè tí ẹ lé yẹn," ló wí, "òun ni mo fẹ́ràn."

Sìlífátù wá ibi kan, ó jókòó, ó sì gbé orí lé ọwọ́. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi ń ṣe ẹgbẹ́ méjì. Ó ti di mẹ́ta.

Oṣù kejì rèé. Philemon kò tíì padà sí ẹbu, ṣùgbọ́n Janet ní ó ti ń fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti béèrè lẹ́ẹ̀mejì iye tí wọ́n ń gbà gbéni láti Òkìtìpupa dé Ìlútítun. Ní ọjọ́ ọjà, òun fúnra rẹ̀ ló ń pè, kí Sìlífátù tó dáná pàápàá, á sì máa sọ̀rọ̀ títí iná fóònù á fi tán. Jùwọ́nlọ́lá ti ní kí afunfèrè dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí wọn yóò máa mu odò kí àwọn Ọ̀pọ̀lọ́ tó dé. Philemon fẹ́ mọ ohun tí Sìlífátù rí sí i. Sìlífátù kò rí nǹkan kan sí i. Ó ní òun rò pé bí ọkùnrin náà bá ti sọ̀rọ̀, òun á sinmi.

Ohun kan ṣì wà tí n kò gbàgbọ́. Gbogbo ẹni tó ń se ẹyìn níbẹ̀ ló mọ̀ pé wọ́n ti lé afunfèrè. Sìlífátù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e, òun gan-an ló ní kí wọ́n mú ṣòkòtò kúrò lára wọn. Báwo ló ṣe wá gbàgbé, lọ́jọ́ tó kẹ́yìn? Mo bi í ní tààrà bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ó ń yọ ìhá kúrò nínú ẹ̀rọ nígbà náà, epo dé ìgúnpá rẹ̀. Kò wo ojú mi.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí.

Fóònù rẹ̀ dún lórí odó. Ó wò ó, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Bá mi gbé e, ọmọ mi," ló wí. "Sọ fún un pé ègbè ò tíì dé."