Ìrìn Bàbá Mi Níwájú Kíláàsì

Ẹ̀yin ọmọ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín nípa ìgbà tí èmi náà kéré, tí à ń gbé Maiduguri. Yunifásítì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀ níbẹ̀ nígbà náà, àwọn olùkọ́ àti dókítà sì ń ti ilẹ̀ Yorùbá wá ṣiṣẹ́. Ní tiwa, ibẹ̀ ni wọ́n bí wa sí. Bàbá mi ń ta abọ́ tánganran ní Monday Market, àwọn náà sì ni ládàánì mọ́ṣáláṣí àwa Yorùbá àdúgbò wa. Tí wọ́n bá gun òkè ilé gogoro mọ́ṣáláṣí lọ pe ìrun, àwọn tó ń kọjá lọ a máa dúró gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju ọjà tí wọ́n ń tà lọ.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ẹsẹ̀ bàbá mi ò ranlẹ̀ mọ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, wọ́n á fọwọ́ wá ògiri. Tí màmá mi bá béèrè, wọ́n á ní kò sí nǹkan kan, oorun ló kù lójú àwọn. Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú lu abọ́ tí wọ́n tò síwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìlà wa ló gbọ́ ariwo abọ́ yẹn. Ọkùnrin tó ń ta iyọ̀ ní òdìkejì wa ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta: "Alhaji ya sha giya." Ó ní ọtí ni Alájì mu. Ládàánì mọ́ṣáláṣí kẹ̀! Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn àgbà. Wọ́n ní kí bàbá mi fi ìpè ìrun sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ná, pé àwọn ń bọ̀ wá bá wọn nílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Láti ìgbà náà, tí ẹlòmíràn bá ti ń pe ìrun, bàbá mi á gbójú sílẹ̀, ètè wọn á máa mì. Àánú wọn ṣe mí débi pé mi ò lè wo ojú wọn.

Níléèwé, ìyàwó dókítà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ló ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni Àǹtí yìí, Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n, wọn kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Wọn kì í túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Wọ́n ní Hausa ló yọ̀ mọ́ wa lẹ́nu ju Yorùbá lọ, èdè wo ni kí àwọn wá túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí? Tí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ mọ́ ìrìn, iwájú kíláàsì ni wàá bọ́ sí, wàá rìn ín.

Àárọ̀ Jímọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n kọ totter, stumble àti stagger sójú pátákó. Ẹnì kan rin totter bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Ẹnì kan fẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ tábìlì, ó ní stumble nìyẹn. A rẹ́rìn-ín títí. Àǹtí wá nawọ́ sí mi pé kí n bọ́ síwájú wá rin stagger.

Ọmọ oníyọ̀ wà ní kíláàsì wa. Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo dúró. Àǹtí ò mọ ohun tó wà nínú mi, wọ́n sọ fún kíláàsì pé ohun tí mo ń ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní hesitate. Gbogbo wọn bá ń wò mí. Mo mọ̀ pé wọ́n ń retí kí n ṣe bí ọ̀mùtí, kí n máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Inú bí mi. Mo rin ìrìn bàbá mi bí mo ṣe ń rí i lójoojúmọ́: mo ya ẹsẹ̀, mo tẹjú mọ́ ilẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo jan án mọ́lẹ̀, mo ń fọwọ́ wá ògiri.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú mi jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, wọ́n béèrè ẹni tó ń rìn bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ́ tìkọ̀, nítorí wọn ò kọ́ wa láti máa sọ ọ̀rọ̀ ilé síta. Ìgbà tí ẹkún gbọ̀n mí ni mo tó sọ pé bàbá mi ni, pé wọn ò mutí rí, pé àwọn àgbà ń bọ̀ wá bá wọn lọ́sàn-án yẹn.

"Mo mọ̀ pé wọn ò mutí," ni Àǹtí wí. "Ọ̀mùtí kì í wo ilẹ̀ tó bá ń rìn."

Lẹ́yìn ìrun, àwọn àgbà kún pálọ̀ wa. Bàbá mi jókòó, wọn ò dìde. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà náà, tí ọ̀rọ̀ ká lára jù, béèrè bóyá wọ́n mutí àbí wọn ò mu. Bàbá mi ní Ọlọ́run mọ̀, wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó jẹ́wọ́ fún màmá mi pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn: tí àwọn bá fi lè ní ẹsẹ̀ ń ṣe àwọn, ta ló máa jẹ́ kí àwọn gun òkè lọ pe ìrun mọ́?

Ibi tí a wà nìyẹn tí Àǹtí àti ọkọ wọn fi wọlé. Dókítà tẹríba kí àwọn àgbà, wọ́n tọrọ àyè, wọ́n wá bẹ bàbá mi pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n pa ẹsẹ̀ pọ̀, kí wọ́n dijú. Bàbá mi wo màmá mi. Wọ́n dìde. Bí wọ́n ṣe dijú, wọ́n ń ṣubú lọ, dókítà fi àyà gbà wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n lajú. Bàbá mi lajú, wọ́n sì dúró.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ni dókítà wí, "ọtí kì í dá lójú èèyàn torí pé ó lajú. Àìsàn ni. Ẹsẹ̀ wọn ò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́, ojú ni wọ́n fi ń wá a."

Àgbà tó béèrè ọ̀rọ̀ ọtí dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bàtà bàbá mi wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó tò ó síwájú ẹsẹ̀ wọn. Ó ní, "Ládàánì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí ọsibítù."

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún wọn níbẹ̀ pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn ò sì padà sípò tán. Bàbá mi ò gun òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ìrun, ọwọ́ kan lára ògiri, títí wọ́n fi darúgbó.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Lóṣù tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi kan béèrè stagger lọ́wọ́ fóònù, fóònù sì ti dáhùn kí n tó yíjú. Òótọ́ ni fóònù sọ. Ṣùgbọ́n mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó dìde, kó rìn ín kí n rí i. Ó rò ó díẹ̀, ó ya ẹsẹ̀, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ń fọwọ́ wá ògiri. Mo bi í pé ibo ló ti rí irú ìrìn yẹn. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa ń rìn bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì ni mo ní kí wọ́n gbé mi lọ rí dókítà.