Ọmọ Odó Tí Yèyé Ò Yí Tán

Lẹ́búlẹ́bú igi ti wọ imú mi, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un pọ̀ kí n má bàa sín. Ẹ̀yìn pákó tí wọ́n tò sára ògiri ni mo lúgọ sí, jẹnẹrétọ̀ ń han mọ́ mi létí. Níwájú mi, Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, dúró ti ẹ̀rọ tó ń yí igi bírí bírí, wọ́n na irin ẹlẹ́nu mímú sí i. Bàbá káfíńtà wà lẹ́yìn wọn, wọ́n di ìgúnpá Yèyé mú. Háà! Ohun tí wọ́n rán mi wá wò nìyẹn, ó sì ti ṣojú mi.

Ìyá mi ló rán mi. Ó ti tó oṣù kan tí Yèyé máa ń jáde nílé wa ní Ìkẹ́rẹ́ bí aago mẹ́rin bá ti lù, báàgì Bíbélì lọ́wọ́, wọ́n á ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ni. Ìpàdé wo ló ń wáyé lójoojúmọ́? Bí wọ́n bá dé tí wọ́n tú gèlè, èérún igi á máa jábọ́ nílẹ̀. Bàbá àgbà ti kú láti ọdún mẹ́ta, ìyàwó bàbá káfíńtà náà ti kú. Ìyá mi ro ó papọ̀, ó gbà pé àwọn méjèèjì ti ń fẹ́ra. "Ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní káńsù ni?" ló wí, torí ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó wá yíjú sí mi. "Tẹ̀lé wọn. Ohun tí o bá rí ni kí o wá sọ." Ó mọ ẹni tó ń rán. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n bí o bá fún mi ní bisikíìtì, màá kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá o ti bù ú jẹ.

"Ẹ má fi agbára tì í, Màmá," bàbá ń pariwo kí ohùn wọn lè borí jẹnẹrétọ̀. "Ẹ rọra! Ẹ jẹ́ kí igi wá bá irin."

Irin há. Igi fò kúrò lórí ẹ̀rọ, ó gbá ògiri, gbàà!

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi na ọmọ ọlọ́mọ ní sùkúù," Yèyé wí, wọ́n ń nu ojú. "Igi yìí ló fẹ́ bá wọn gbẹ̀san."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an tún fu mí lára. Ibẹ̀ ni mo ti sín.

Yèyé fi etí fà mí jáde. "Ta ló rán ẹ?"

"Kò sẹ́nì kankan, mà."

Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n mú igi náà nílẹ̀, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Apá kan ti ń dán, ó rí roboto. Apá kejì ṣì ní igun mẹ́rin. "Ọmọ odó ni," wọ́n ní. "Láti ìgbà tí ọrùn ọwọ́ ti ń dùn mí, ìyá ẹ ò jẹ́ kí n gúnyán nínú ulé mi mọ́. Ó lọ ra ẹ̀rọ tó ń gúnyán. Èmi, ọmọ Èkìtì, uyán tí wọ́n tẹ bọ́tìnnì sí ni mò ń jẹ! Eléyìí fúyẹ́, ó bá ọwọ́ mi mu. Bàbá ní àwọn á bá mi yí i, mo kọ̀. Ọwọ́ tó bá yí i, ta ló máa ní kò lè fi gúnyán?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò mí lójú. "Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. Má sọ fún ìyá ẹ pé ọmọ odó ni mò ń yí."

Mo fi ìka kan ahọ́n, mo nà án sókè, mo búra.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń lọ sílé, ara mi ò balẹ̀. Ta ló ń fi ọmọ odó pa mọ́? Ìfura loògùn àgbà, ni mò ń wí lọ́kàn mi, bí ẹni pé mo ti dàgbà. Nígbà tí ìyá mi bi mí, mi ò dárúkọ ọmọ odó rárá, mo sáà ti búra. Mo ní, "Bàbá káfíńtà di apá wọn mú. Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó fi gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá lọ. Mo sá tẹ̀lé e, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ. "Ẹ fi ìyá arúgbó lọ́rùn sílẹ̀ o! Ẹ ò tilẹ̀ tijú!" Bàbá pa jẹnẹrétọ̀. Yèyé tú gèlè, wọ́n gbọn èérún igi inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì ṣáájú wa lọ sílé. Wọn ò padà síbẹ̀ mọ́.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo jẹ́wọ́ ìyókù. Ìyá mi sunkún, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ parí rẹ̀. Yèyé ní ọ̀rọ̀ ti tán. Uyán ẹ̀rọ ni wọ́n jẹ títí wọ́n fi kú.

Mo ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì kí n tó lè la ẹnu bá Yèyé sọ ọ́, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Iṣu la jọ ń bẹ. Mo ní, "Yèyé, mi ò parọ́ lọ́jọ́ náà o."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Ká ní o parọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan wí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí dọ́kàn. Mo ṣì máa ń fura sí èèyàn, mi ò ní tan ara mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá sáré wọlé, tó ní, "Mọ́mì, mo fojú ara mi rí i," màá dá iṣẹ́ ọwọ́ mi dúró. Màá ní kó jókòó, kó kọ́kọ́ sọ èyí tí wọ́n ní kó má sọ.