Ọ̀dùnkún Tí Kò Tíì Gbó

Ẹ má sọ fún Ọ̀ṣunníkẹ́ pé ìbínú kò da nǹkan fún ni. Ó gbọ́ òwe náà títí lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ẹni tó sì pa á fún un ló wò láti orí dé ẹsẹ̀. Aránṣọ ni ní Mowe, aṣọ ilé ìwé ló ń rán, kì í sì í ṣe oníjà. Oníbàárà lè fi aṣọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ọmọ yóò fi dàgbà jù ú lọ, á kàn fi rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀dùnkún yìí kò ní ẹ̀rín nínú.

Ọ̀dùnkún pupa ni. Èèpo rẹ̀ pupa, inú rẹ̀ sì rí bíi pupa ẹyin sísè. Bí wọ́n bá sè é, ó máa ń gbẹ lẹ́nu, kì í rọ̀ pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ bí èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ní Ibafo. Ìyá rẹ̀ ló ń gbìn ín ní Ibogun títí tó fi kú. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ta ilẹ̀ náà, tí wọ́n kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí rẹ̀, ìtàkùn díẹ̀ tí Ọ̀ṣunníkẹ́ sáré gé wá sí Mowe ni gbogbo ohun tó kù nínú oko ìyá rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí omi balùwẹ̀ ń gbà lọ ló gbìn ín sí ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀, kó má baà kú. Kò síbòmíràn nínú ọgbà rẹ̀: kànga wà níbẹ̀, sìmẹ́ǹtì ló sì bo ìyókù.

Plọ́ọ̀tì òfìfo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ẹni tó ni ín ni Mobọ́lájí, tó ń gbé ní Èkó, tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Dáraolúwa, máa ń yà wá wò ó lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mobọ́lájí fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máa dáko níbẹ̀, kí igbó má baà kún un, kí àwọn èèyàn sì yé da ìdọ̀tí síbẹ̀. Ọ̀ṣunníkẹ́ gbà. Òun ló ṣán an, òun ló kó ìgò àti ọ̀rá kúrò níbẹ̀, òun ló ń bá àwọn ọmọ àdúgbò jà tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀ sí i.

Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé a kì í gbin ohun tó máa pẹ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí òjò fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó lọ tọrọ ìtàkùn ọ̀dùnkún funfun wá láti Ọ̀fàdà, èyí tó máa ń gbó lóṣù mẹ́ta. Kò dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yá. Èyí pupa máa ń gba oṣù márùn-ún, ó sì ti pinnu pé ẹ̀bá balùwẹ̀ ni yóò wà títí Ọlọ́run yóò fi fún òun nílẹ̀.

Ọjọ́ Sunday tó fẹ́ gbin funfun náà gan-an ni Mobọ́lájí àti ìyàwó rẹ̀ dé. Ọ̀ṣunníkẹ́ ti se díẹ̀ nínú ọ̀dùnkún pupa tó ta lẹ́bàá balùwẹ̀. Ó bu díẹ̀ fún wọn. Mobọ́lájí jẹ ọ̀kan, ó tún mú òmíràn.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ gbìn síbí?"

"Funfun ni o. Òun ló máa ń yá."

"Háà! Ta ló ń jẹ funfun? Èyí ni kí ẹ gbìn. Gbogbo plọ́ọ̀tì yìí, pupa nìkan."

"Ó ń gba oṣù márùn-ún o, ọ̀gá. Ṣé ilẹ̀ yìí máa dúró?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre! Next year ni mo máa kọ́lé. Ẹ ṣáà fi tiwa sílẹ̀ fún wa tẹ́ ẹ bá wà á."

Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ọ̀ṣunníkẹ́ hú gbogbo èyí tó wà lẹ́bàá balùwẹ̀, ó gé e sí wẹ́wẹ́, ó sì gbìn ín sórí ebè tó ti kọ. Kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ó kó ìtàkùn funfun fún Mùsáfírù, ẹni tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà, òun sì gbìn ín sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Láàárín oṣù méjì, ewé pupa ti bo plọ́ọ̀tì náà débi pé kò sí ibi tí èèyàn lè rí ilẹ̀. Mobọ́lájí ya fọ́tò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ fi han àwọn ọ̀rẹ́ òun.

Ọ̀ṣunníkẹ́ wà ní Ibafo, ó kó aṣọ lọ fún ilé ìwé kan, nígbà tí típà dé. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta ààbọ̀. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, iyanrìn ti bo ebè, bílọ́ọ̀kù sì wà lórí èyí tí iyanrìn kò bò. Ó pe Mobọ́lájí lórí fóònù.

"Màmá, ẹ má bínú, ó ti kúrò lọ́kàn mi pátápátá. Iye sìmẹ́ǹtì ń lọ sókè ni. Ẹ máa ríbòmíràn gbìn ín sí, ọ̀dùnkún lásán ni."

Ọ̀dùnkún lásán! Ọ̀ṣunníkẹ́ pa fóònù. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà gba ilẹ̀ rẹ̀ ló dùn ún. Ilẹ̀ rẹ̀ ni. Ohun tó dùn ún ni pé òun ti mú èyí tó yá lọ́wọ́, ọkùnrin yìí ló ní kí òun fi í sílẹ̀, ó sì gbàgbé. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa iyanrìn. Mùsáfírù wá bá a wà á. Ojú ń tì í pé òun ti wa ọ̀dùnkún funfun tòun jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ló bá ní kó fi sùúrù ṣe é, ìbínú kò da nǹkan.

"Mùsáfírù, máa wa iyanrìn."

Ìtàkùn díẹ̀ létí fẹ́ǹsì ni wọ́n rí yọ láàyè. Ó gbìn wọ́n sínú rọ́bà ọ̀dà tó ti ṣófo, ó tò wọ́n sí iwájú ilé. Àwọn ọ̀dùnkún tó bá wọn jáde kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó kó ìyẹn náà jọ.

Ní Saturday, wọ́n wá fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n ń pín mínírà. Ọ̀ṣunníkẹ́ gbé àwo ọ̀dùnkún kéékèèké tó ti sè wọ inú plọ́ọ̀tì, ó gbé e síwájú Mobọ́lájí. Ojú ọkùnrin náà tàn.

"Màmá wa! Ẹ wò ó, wọn kò bínú sí wa." Ó mú ọ̀kan, ó bù ú jẹ. Fọ́nrán bí okùn ló kún inú rẹ̀, omi lásán sì ń jáde lára rẹ̀. Ó tu ú sọ́wọ́. "Màmá, èyí kò tíì gbó."

"Ẹ ṣé," ni Ọ̀ṣunníkẹ́ wí. "Ẹ tún un sọ kí pásítọ̀ gbọ́. Ṣé kò tíì gbó?"

Mobọ́lájí ń wo iyanrìn.

Ìyàwó rẹ̀ ló tẹ̀ lé e jáde. Dáraolúwa kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn rọ́bà ọ̀dà, ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lójú, ó ní ojú ń ti òun. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìtàkùn kan péré. Mo máa tọ́jú rẹ̀ dáadáa sí Èkó. Tá a bá kọ́lé tán, mo máa gbìn ín sẹ́yìnkùlé."

Ìyá Ọ̀ṣunníkẹ́ kò fi ìtàkùn ọ̀dùnkún du ẹnikẹ́ni rí. Kódà ẹni tó jí i lọ́gẹ̀dẹ̀, bó bá wá tọrọ ìtàkùn, á gé e fún un, torí ó gbà pé ohun tí èèyàn bá fún aládùúgbò ni kì í parun mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀ṣunníkẹ́ mọ èyí. Ó tún mọ̀ pé òótọ́ ni ọmọbìnrin yìí ń sọ, yóò tọ́jú rẹ̀.

"Ilẹ̀ lẹ rà," ló wí. "Ẹ ò ra ọ̀dùnkún mi. Ẹ dìde."

Dáraolúwa dìde, ó gbọn iyanrìn orúnkún rẹ̀ nù, ó sì padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ọ̀ṣunníkẹ́ dúró ti àwọn rọ́bà ọ̀dà náà, inú ń bí i ju ọjọ́ tí típà dé lọ. Ó lè dárí iyanrìn jì wọ́n bó bá yá, ó lè dárí irọ́ jì wọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ òun, ọmọ ìyá tí kò fi ìtàkùn du ẹnikẹ́ni rí, di ahun.