Àárọ̀ Tí Àìná Kúnlẹ̀ Kí Tíṣà

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní ọdún tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ogun Hítílà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ilé koríko ṣì pọ̀ ní Adó, ènìyàn sì lè rìn láti agbolé wa títí dé ọ̀nà Ìyìn kí ó má pàdé ọkọ̀ kankan. Ǹ bá ti gbàgbé púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ilé ìwé jẹ́léósinmi kan sẹ́yìn ilé mi ní àdúgbò Adébáyọ̀ báyìí, àràárọ̀ sì ni àwọn ọmọ kéékèèké ibẹ̀ máa ń fi ohùn orin kí olùkọ́ wọn: "Good morning, ma. How are you, ma?" Bí mo bá ti gbọ́ ọ, tíì mi a tutù sínú ife. Màá jókòó, màá máa wo ògiri, Àìná ni màá sì máa rí.

Ọmọ agbolé wa ni Àìná. Ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ń lo ilé ìdáná kan ni, àwa méjèèjì la sì jọ ń pọn omi. Ó dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tètè mú èmi lọ sí ilé ìwé ìjọ nítorí pé bàbá mi ti di onígbàgbọ́. Bàbá Àìná kò fẹ́ kí tirẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ẹ̀rù tí ń bà á ni pé ọmọbìnrin tí ó bá ti mọ̀wé lè máà mọ ẹni tí ó jù ú lọ mọ́. Àìná sunkún, ó kọ oúnjẹ, ìyá mi náà sì bá a bẹ̀bẹ̀. Níkẹyìn bàbá náà ní, "Ó dáa, ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá rí i pé ìwé ti ń gba ìwà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò padà wá bá mi lóko."

Tíṣà wa kì í ṣe ará Èkìtì. Abẹ́òkúta ni ó ti wá, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn kan ṣoṣo, Mojí. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ a máa dán. Bàbá Gúmọ́nì ni à ń pè é lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé kò sí ohun tí ó kà sí tó ìkíni. Ó ti sọ fún àwọn òbí wa pé òyìnbó tí yóò gba ọmọ síṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ bi í ní ìṣirò; ìkíni ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti lu rímù ọkọ̀ tí ó wà lára igi, a ó tò sórí yanrìn níwájú ilé ìwé. Tíṣà yóò ní, "Good morning, children." Àwa yóò ní, "Good morning, sir." Yóò ní, "How are you?" Àwa yóò ní, "We are quite well, thank you, sir. And how are you, sir?" Òun náà yóò wá dáhùn pé, "I am quite well, thank you," a ó sì wọlé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Ìdúró rẹ̀ ni ó le. Tíṣà fẹ́ kí á dúró ṣánṣán, kí ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí á sì wo ojú òun. Ní ilé, ọmọ tí ó bá wo ojú àgbà báyẹn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ní ilé ìwé, ẹni tí kò bá wò ó ni yóò gbọ́ ọ. Àwọn ọmọkùnrin tètè mọ bí wọn kò ṣe ní dọ̀bálẹ̀. Wàhálà àwa ọmọbìnrin wà lórúnkún. Èmi máa ń fi ìka ẹsẹ̀ mi tẹ yanrìn mọ́lẹ̀ gírígírí títí ìkíni yóò fi parí.

Àìná kò lè ṣe é. Bí "Good" bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ nìyẹn, láìrò tẹ́lẹ̀.

"Àìná, ṣé nǹkan rẹ ló sọ nù sílẹ̀?" ni àwọn ọmọkùnrin máa ń sọ. "Ẹ bá a gbé e, ẹrù ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre," ni Àìná máa ń dá wọn lóhùn. "Ẹsẹ̀ yín ló ti gan."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀fẹ̀. Tíṣà ti sọ pé ọmọ tí kò bá lè dúró kí ènìyàn bí ó ṣe yẹ kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gòkè sí kíláàsì kejì. Bẹ́ẹ̀ ni ní alẹ́, bí Àìná bá gbé omi fún bàbá rẹ̀, bàbá náà a máa wò ó bóyá orúnkún rẹ̀ ṣì ń kan ilẹ̀. A máa ń lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, yóò di ògiri mú, èmi yóò ṣe bí Tíṣà, òun yóò sì máa kí mi. "Kí n dúró níbẹ̀, kí n kúnlẹ̀ níbí," ni ó sọ lọ́jọ́ kan. "Èmi nìkan ṣoṣo ṣáà ni." Nígbà tí òjò fi bẹ̀rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Tíṣà tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un ní àárọ̀ kan.

Mojí, ọmọ Tíṣà, kò tíì tó ilé ìwé lọ. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn, ní ìpẹ̀kun pápá, ni ó máa ń jókòó sí. Bí a bá ti bi bàbá rẹ̀ pé báwo ni ó ṣe wà, ọmọ náà ni yóò ti ibẹ̀ dáhùn kí bàbá rẹ̀ tó ya ẹnu: "Quite well, thank you!" Ìgbà yẹn nìkan ni à ń rí eyín Tíṣà. Àìná fẹ́ràn ọmọ náà, òun ni ó máa ń pọ̀n ọ́n bí a bá jáde ṣeré.

Ibà ni ó mú Mojí nínú òjò náà, kò sì pẹ́ rárá. Ọjọ́ Sátidé ni ó kú, wọ́n sì sin ín lọ́jọ́ náà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láìsí ariwo, bí wọ́n ti í ṣe fún ọmọdé. Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà lọ kí Tíṣà. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi dá wọn lóhùn. "Thank you. You are very kind." Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì rọra jáde. Mo rò nísinsìnyí pé ẹ̀rù ń bà á ni, pé bí ó bá fi Yorùbá dáhùn, ẹkún ni yóò tẹ̀ lé e.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ìyá mi sọ fún wa pé, "Ẹ kí Tíṣà yín o. Ẹ má lọ dúró bí igi." Bàbá Àìná náà ti ibi tí ó ti ń pọ́n àdá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Àìná, kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ọmọ ló kú fún un."

Kò sí ẹni tí ó rò pé wọn yóò lu rímù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n lù ú. Tíṣà jáde sí wa. Aṣọ rẹ̀ funfun bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bàtà rẹ̀ nìkan ni kò dán.

"Good morning, children."

A dá a lóhùn. Ó ní, "How are you?" A ní dáadáa ni a wà, a dúpẹ́. Ẹnu wa kò sì dúró níbẹ̀, ó sáré lọ sí èyí tí ó kù bí ó ti mọ́ ọn lára: "And how are you, sir?"

Kò sí ohùn kankan láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Gbogbo wa gbọ́ bí ibẹ̀ ti dákẹ́ tó. Tíṣà gbójú sókè, ó ní, "I am quite well, thank you."

Àìná bá kúrò lórí ìlà. Ó rìn dé iwájú rẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ lórí yanrìn tútù. "Tíṣà, ẹ kú ùrọ́jú o," ni ó wí, gẹ́gẹ́ bí àwa ará Èkìtì ti ń pe ìrọ́jú. "Ọlọ́run á tù yín nínú. A kò ní rí irú rẹ̀ mọ́."

"Stand up, Àìná."

Kò dìde. Wọn kì í dìde kí ọlọ́fọ̀ tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ nílé.

"Stand up, I say!"

Tíṣà kò pariwo mọ́ wa rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Àìná dìde. Kò padà sórí ìlà. Ó kọjá lára wa, ó gba ọ̀nà ilé lọ. Tíṣà ń wò ó lọ, kò pè é. Òun náà yí padà, ó wọ ilé rẹ̀ lọ, ó sì fi wá sílẹ̀ lórí ìdúró.

Kí ẹ má rò pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn. Ó ní in, ó sì dára. A kò tíì dé ibẹ̀ nínú ìwé wa ni.

Kí ó tó di alẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Bàbá Àìná kò bínú síta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé agbọ̀n lé ọmọ rẹ̀ lórí, wọ́n sì jọ lọ sí oko.

Tíṣà wá sí agbolé wa kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Èmi àti Àìná ń bó ẹ̀gúsí lójúde. Ọkùnrin náà, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ níwájú Bàbá Àìná, ẹni tí kò mọ lẹ́tà kan. Bàbá náà sáré gbé e dìde, ó fún un ní àga, ó ní kí wọ́n bu omi wá.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Tíṣà," ni ó wí. "Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò."

"Àmín. Ẹ ṣeun, bàbá." Yorùbá ni. Omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mi ò lé e o. Mi ò bínú sí i rárá. Mi ò lè gba ọ̀rọ̀ náà létí ní àárọ̀ yẹn ni."

"Ó yé mi. Mi ò bá yín jà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó padà. Kó máa kúnlẹ̀ bó ṣe fẹ́. Mo ti gbà."

"Ẹ gbà lónìí nítorí pé ẹ ń ṣọ̀fọ̀," ni Bàbá Àìná wí. "Tíṣà tí yóò dé lẹ́yìn yín ńkọ́? Èmi ni mo ní kó kúnlẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ní kó dìde. Ọmọ kan ò lè máa gbọ́ ti àwa méjèèjì títí. Ẹ jẹ́ kí n mú tèmi."

Àìná kò gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí. Ó ń bó o, ó ń bó o, ó sì ń da èèpo mọ́ èyí tí ó ti bó.

Tíṣà kò dúró ju sáà ẹ̀kọ́ náà lọ. Ẹlòmíràn dé, òun náà sì fẹ́ kí á dúró ṣánṣán. Fún ìgbà díẹ̀, Àìná máa ń bi mí ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ni wọ́n kọ́ wa, èmi a sì fi igi kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un lọ sí Igbemọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kékeré.

Igbemọ náà ni mo ti rí i nígbà tí èmi fúnra mi di olùkọ́. Ó mú àkọ́bí rẹ̀ wá sí ilé ìwé. "Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà," ni ó wí. Mo ní, "Àìná, èmi mà ni." Ó ní, "Mo mọ̀ yín." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀, àwa tí a jọ pọn omi. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ọmọ ń gbọ́." Títí ó fi kú, kò pe orúkọ mi mọ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Àwọn ọmọ jẹ́léósinmi ẹ̀yìn ilé mi kò mọ̀ pé a ti fi orúnkún dán ọmọ wò rí, kò sì sí bàbá tí yóò mú wọn lọ sí oko nítorí rẹ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ikú kò yí padà, àìsàn kò yí padà, ọlọ́fọ̀ ṣì ń fẹ́ kí ẹnìkan wá kí òun. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo máa ń kọ́ wọn ní "Good morning" àti "I am very sorry to hear it." Ọ̀gá mi kan ní ó yá jù fún ọmọ kékeré. Mo ní òfò kì í dúró kí ọmọ tó wọ kíláàsì kẹfà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹnìkan bá fi tọkàntọkàn kí yín, ní èdè yòówù, lórí ìdúró tàbí lórí ìkúnlẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó kí yín tán, kí ẹ sì dá a lóhùn. Bí ó bá ṣì í, ẹ tún un ṣe fún un lọ́jọ́ mìíràn.